Páìpù tó ń retí ọjọ́ burúkú: bí irin tí kì í dípẹtà ṣe ń sán nílẹ̀ Faransé

Ẹ mú rúlà, kí ẹ wọn mìlímítà 27. Kò tó ìka ọwọ́ méjì tí èèyàn pa pọ̀. Bí ara páìpù kan ṣe nípọn tó nìyẹn ní ilé iṣẹ́ iná núkílíà Penly, létí òkun ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Ẹ wá padà sẹ́yìn díẹ̀, sí 23 lórí rúlà yẹn. Ibẹ̀ ni ibi tó sán jẹ ẹ́ dé, láti inú bọ̀ wá síta, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń sán. Mìlímítà mẹ́rin ló kù kó já. Tí a bá sì tọ ojú ibi tó sán náà lọ, ó gùn tó mìlímítà 155, ìyẹn ni pé ó ti gba bí ìdá kan nínú mẹ́rin páìpù náà yí po.

Oṣù Kẹta ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ yìí jáde. Kò sí ohun tó bú gbàù, omi kankan kò jò, kò sẹ́ni tó fara pa. Wọ́n ti gé páìpù náà kúrò, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n fi bá a. ASN, àjọ tó ń mójú tó ààbò núkílíà nílẹ̀ Faransé nígbà náà, fi ọ̀rọ̀ náà sí ipele kejì lórí òṣùwọ̀n tó dé ipele keje. Ẹni tó bá ń wo ipele nìkan á ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n fi páìpù yẹn ṣe. Kì í ṣe èyí tí omi ń sáré gbà kọjá lójoojúmọ́. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni, omi inú rẹ̀ náà dúró, ó ń retí ọjọ́ burúkú. Bí páìpù ńlá tó ń gbé omi gbígbóná yí rìákítọ̀ (ẹ̀rọ tí ooru núkílíà ti ń jáde) ká bá lọ bẹ́ lọ́jọ́ kan, òun ni wọ́n máa gbà rọ omi tí wọ́n ti po bórọ́ọ̀nù (èròjà tó ń dá iná núkílíà dúró) mọ́ sínú rẹ̀, kí ooru tó wà níbẹ̀ má bàa yọ́ gbogbo nǹkan. Iṣẹ́ panápaná ni. Ohun tí wọ́n wá bá ni pé rọ́bà panápaná ti ń là nígbà tí ilé ò tíì jó.

Ẹ̀gbẹ́ ojú ibi jíjó

Irin tí à ń sọ yìí kì í ṣe gbàrọgùdù. Sìténlẹ́ẹ̀sì ni, ìbátan ṣíbí tí ẹ fi jẹun láàárọ̀ àti irin dídán tí wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ àtẹ̀gùn. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí irin lásán ni kúrómíọ̀mù tí wọ́n yọ́ mọ́ ọn, bí ìdá 17 tàbí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Kúrómíọ̀mù yìí àti afẹ́fẹ́ á jọ hun awọ kan bo ojú irin náà. Awọ ọ̀hún fẹ́lẹ́ débi pé ojú ò lè rí i, bí ẹ bá sì ha á, á tún ara rẹ̀ hun. Òun ni kì í jẹ́ kí irin náà dípẹtà.

Ẹ lọ dúró níwájú ọwọ́ àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ kan tó ti gba òjò fún ọdún mélòó kan. Irin á ṣì máa dán. Àmọ́ ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀ ni kí ẹ wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe lórí ojú jíjó gan-an, ẹ máa rí ìlà kan tó pọ́n rúsúrúsú bí epo tó dà sí aṣọ. Mo ti fi àkísà nu irú rẹ̀ rí, mo ṣebí ìdọ̀tí ni, kò lọ. Iná ló ba awọ náà jẹ́ níbẹ̀. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ á fi ásíìdì fọ ibẹ̀ kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ ńlẹ̀. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á gba owó rẹ̀, ó di gbéré. Ìpẹtà ọwọ́ àtẹ̀gùn kọ́ ni àrùn tó mú Penly o. Wọ́n kàn jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé ni: ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná ti kọjá.

Àrùn Penly kì í pọ́n, kì í jẹ ojú irin ní jíjẹ tó hàn. Ó máa ń sán wọnú ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, irin tó kù lọ́tùn-ún lósì á sì máa dán bíi tuntun. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé kó tó ṣẹlẹ̀: irú irin tí àrùn náà lè mú, agbára tó ń fa irin náà, àti omi tó ń jẹ ẹ́ níbi tó ti ń fà. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ló rí níbí, àfi pé ọbẹ̀ yìí kò ṣeé jẹ. Gbogbo ohun tí àwọn ẹ̀ńjíníà ń wá láti bí àádọ́ta ọdún ni bí wọ́n ṣe máa yọ ààrò kan kí ìkòkò náà dànù.

Agbára tó ń fa irin yẹn ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú, torí kò pọn dandan kó wá láti ìta. Ẹ wo awọ ìlù tí wọ́n kàn mọ́ igi nígbà tó ṣì tutù. Bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì, bó ṣe ń sún kì ló ń fa etí igi. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ó le kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin tí wẹ́dà yọ́ sáàárín páìpù méjì. Ó fẹ́ sún kì bó ṣe ń tutù, páìpù méjèèjì kò jẹ́. Wọ́n á kun ibẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní ó dára. Fífà náà á sì wà nínú rẹ̀ títí, ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, níwọ̀n ìgbà tí páìpù náà bá wà.

Wọ́n rò pé àrùn náà ti lọ

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, wọ́n rí ibi tó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó lára páìpù rìákítọ̀ kejì ní Dresden, ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1975, wọ́n tún rí òmíràn. NRC, àjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lóṣù yẹn gan-an láti máa ṣọ́ ilé iṣẹ́ núkílíà, pàṣẹ pé kí rìákítọ̀ 23 dúró fún àyẹ̀wò. Àjọ tí kò tíì pé oṣù kan, wàhálà ti já lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n tú irin náà wò, kábọ́ọ̀nù ni wọ́n bá nídìí ọ̀rọ̀. Irin tó dà bí odindi lójú wa, hóró kéékèèké ló jókòó ti ara wọn bí àgbàdo lára ṣùkù. Bí iná wẹ́dà bá mú ìwọ̀n ooru tó tó 500 sí 800 Celsius bá ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó, kábọ́ọ̀nù inú irin á sá lọ sí ààlà àárín hóró àti hóró, á sì gbé kúrómíọ̀mù tó wà nítòsí mọ́ra. Kúrómíọ̀mù tó yẹ kó hun awọ á wá di ẹrú kábọ́ọ̀nù. Ààlà náà á wà láìní ààbò, omi gbígbóná tí ọ́síjìn wà nínú rẹ̀ á sì máa tọ àárín hóró dé hóró lọ bí ẹni ń tọ ààlà oko.

Ìwòsàn tí wọ́n rí dára. Wọ́n dín kábọ́ọ̀nù kù, ó lọ sísàlẹ̀ ìdá 0.03 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́tà L tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn orúkọ irin bíi 304L tàbí 316L, òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ń fẹ́ háídírójìn sínú omi kó lè gbé ọ́síjìn lọ. Ààrò méjì ni wọ́n yọ yẹn. Ìròyìn tí ò bára dé ṣì ń ti Japan wá, níbi tí wọ́n ti rí i pé irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré náà lè sán bí wọ́n bá ti gbẹ́ ojú rẹ̀ tàbí tí wọ́n lọ̀ ọ́ títí ó fi le jù. Ibẹ̀ náà ni àṣírí ti tú ní ọdún 2002 pé iléeṣẹ́ iná mànàmáná TEPCO ti ń fi ọ̀rọ̀ àwọn ibi tó sán pamọ́ fún ìjọba, tí wọ́n ń kọ ohun tí wọn kò rí sínú ìwé àyẹ̀wò. Olórí iléeṣẹ́ náà fipò sílẹ̀, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹrin ọdún 2003, gbogbo rìákítọ̀ wọn, mẹ́tàdínlógún, ló ti dákẹ́.

Ọkàn àwọn Faransé balẹ̀ ní tiwọn. Irú rìákítọ̀ tí wọ́n ń lò kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ hó. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tó pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ ayé wa lọ ní ìlọ́po bí 155, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ọ́síjìn nínú omi náà. 316L ni wọ́n fi ṣe àwọn páìpù yẹn. Kábọ́ọ̀nù ti lọ, ọ́síjìn ti lọ. Lórí ìwé, àrùn yìí kò ní ibi tó máa jókòó sí.

Ilé tuntun ló kọ́kọ́ là

Ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún 2021, wọ́n pa rìákítọ̀ kìíní ní Civaux, létí odò Vienne, fún àyẹ̀wò ọlọ́dún mẹ́wàá. Àárẹ̀ tí gbígbóná àti títutù máa ń fún irin ni wọ́n ń wá. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ẹ̀rọ gbé ohùn kan padà tí kò bá ohun tí wọ́n ń wá mu.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ìyá kan bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà, á gbé e sókè, á fi ìka ta á lára, á sì tẹ́tí. Ìkòkò tó dára á dún gan-an. Èyí tó ti sán á dún kìrà. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe sí páìpù, àfi pé ìró tí wọ́n ń rán sínú rẹ̀ tinrín ju ohun tí etí èèyàn lè gbọ́ lọ, ojú ẹ̀rọ ni wọ́n sì ti ń ka ohun tó dún padà. Wàhálà rẹ̀ ni pé ojú jíjó fúnra rẹ̀ ń dún. Hóró irin tó yọ́ tó sì tún dì tóbi, ó wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń tú ìró ká. Nítorí náà, ó ti pẹ́ tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti ń wọlé lára àwọn páìpù kan, tí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ariwo lásán ni. Nígbà tí wọ́n gé páìpù Civaux tí wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ohun tó sán ni wọ́n bá. EDF, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ilẹ̀ Faransé tó ni àwọn rìákítọ̀ náà, wá padà sí àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ láti tún ariwo kà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, EDF kéde pé rìákítọ̀ mẹ́rin tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, méjì ní Civaux àti méjì ní Chooz lẹ́bàá ààlà Bẹ́ljíọ̀mù, máa dúró. Ẹ kíyè sí i pé àwọn mẹ́rin yìí ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo 56 tí Faransé ní nígbà náà: àárín ọdún 1996 sí 1999 ni wọ́n so wọ́n mọ́ wáyà ìlú. Wọ́n tún rí i ní Penly lẹ́yìn náà. Nígbà tó fi máa di ìgbà ìrúwé ọdún 2022, rìákítọ̀ 12 ló ti dúró nítorí ọ̀rọ̀ yìí nìkan.

Ó bọ́ sí àsìkò tí kò dáa rárá. Rọ́ṣíà ti kógun wọ Yukréènì, gáàsì ti wọ́n, odò sì gbóná lọ́dún yẹn débi pé wọ́n ní láti dín iṣẹ́ àwọn rìákítọ̀ kan kù. Lópin oṣù Kẹjọ, rìákítọ̀ 32 nínú 56 ni kò ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ló dá púpọ̀ nínú wọn dúró. Iye tí àwọn oníṣòwò fi ń ra iná ọdún 2023 sílẹ̀ ṣáájú kọjá 1,000 yúrò lórí mẹ́gáwáàtì-wákàtì kan. Iná núkílíà tí EDF rí mú jáde ní Faransé lọ́dún 2022 jẹ́ bílíọ̀nù 279 kílówáàtì-wákàtì, nígbà tí ti ọdún 2021 lé ní 360. Orílẹ̀-èdè tó ti ń ta iná fún aládùúgbò láti ọdún 1980 bẹ̀rẹ̀ sí í rà ju èyí tó ń tà lọ. EDF pàdánù bílíọ̀nù 17.9 yúrò, irin tó sán nìkan kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀, torí ìjọba náà ti ní kó máa ta iná ní gbàǹjo fún aráàlú, àmọ́ ipa tirẹ̀ kò kéré. (Ẹni tó bá ń béèrè ohun tó kàn wá: ìjọba Nàìjíríà ti dárúkọ Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom fún ilé iṣẹ́ iná núkílíà, wọ́n sì ti bá Rosatom, iléeṣẹ́ núkílíà ti ìjọba Rọ́ṣíà, tọwọ́ bọ̀wé. Páìpù ni yóò wà níbẹ̀ náà, wẹ́dà ni yóò sì jó wọn.)

Ohun tí wọ́n rò, àti ohun tí wọ́n bá

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn tuntun ló mú? Àwọn rìákítọ̀ tó dàgbà jù ní Faransé, àwọn 900 mẹ́gáwáàtì, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ Westinghouse ti Amẹ́ríkà ni àwòrán wọn ti wá. Páìpù pàjáwìrì wọn kò gùn, kò sì ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ. Nígbà tí Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ya èyí tó tóbi jù fúnra wọn, páìpù náà gùn sí i, ó sì ń yà síhìn-ín, ó ń yà sọ́hùn-ún. Omi inú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ẹ rántí. Omi gbígbóná láti ọ̀nà ńlá á wá yọ́ wọlé gba òkè, tútù á wà nísàlẹ̀, wọn kì í pò. Òkè páìpù á fẹ́ gùn, ìsàlẹ̀ kò ní gbà fún un, páìpù á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ibi tí títẹ̀ yẹn ti máa wúwo jù ni ojú jíjó, níbi tí irin ti le ju tẹ́lẹ̀ nítorí iná, tí fífà àkọ́kọ́ sì ti wà nílẹ̀. Ààrò kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló wá tóbi tó láti gbé ìkòkò náà dúró láìsí kábọ́ọ̀nù, láìsí ọ́síjìn tó pọ̀.

Àlàyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, EDF sì fi ṣe ètò. Wọ́n pín páìpù sọ́tọ̀: èyí tí àwòrán rẹ̀ lè mú kó ṣàìsàn, èyí tí kò lè ṣàìsàn. Rìákítọ̀ 16 ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Wọ́n pinnu láti gé páìpù wọn kúrò kí wọ́n fi tuntun rọ́pò. Èyí tó kù lè dúró.

Páìpù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tó ku mìlímítà mẹ́rin kó já, inú àwọn tí wọ́n ní kò lè ṣàìsàn ló wà.

Ohun tí wọ́n bá nídìí rẹ̀ kò sí nínú àwòrán ẹ̀ńjíníà kankan. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Penly, kí rìákítọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìlú níná ní ọdún 1990, ojú jíjó yẹn kò dára lójú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n tún un jó. Kò tún dára. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n tún un jó lẹ́ẹ̀kejì. Níkẹyìn ó yege, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ìgbàkígbà tí iná bá kọjá níbẹ̀ ni irin á tún yọ́, á tún sún kì, awọ ìlù tí wọ́n tún kàn lórí èyí tó ti le tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe kó lè dára, òun ló di ibi tó fi sán. Lójú tèmi, wẹ́dà ọjọ́ yẹn kò jẹ̀bi. Ohun tí òfin ìgbà náà ní kó ṣe ló ṣe, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí mo bá wí ni ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọdún 2022 tó pín páìpù sí méjì láìbéèrè ọwọ́ tó jó wọn.

Títún wọn ṣe náà kò rọrùn. Faransé ò ní wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ yìí tó, torí ọ̀pọ̀ ọdún ló ti kọjá tí wọn kò kọ́ rìákítọ̀. Wọ́n ní láti lọ kó wẹ́dà wá láti Amẹ́ríkà àti Kánádà lọ́wọ́ Westinghouse, iléeṣẹ́ kan náà tó ni àwòrán àwọn rìákítọ̀ àgbà tí àrùn náà ò fi bẹ́ẹ̀ mú. Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ràn láti máa sinmi láàárín iṣẹ́. Ìtànṣán wà nínú yàrá yẹn, wọ́n ń ka ìwọ̀n tí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà, bó bá sì ti pé, ẹlòmíràn ni yóò wọlé.

Lẹ́yìn Penly, EDF padà sí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé ìkọ́lé sí. Ìwé àwọn ọdún 1970 àti 1980 ni púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe gígùn páìpù ni wọ́n ń wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ń wá: àtúnṣe. Ojú jíjó bí 320 ni wọ́n rí tí wẹ́dà ti tún jó nígbà ìkọ́lé, káàkiri orílẹ̀-èdè náà, àwọn kan nínú wọn ní rìákítọ̀ tí gbogbo èèyàn ti fọkàn sí pé ara rẹ̀ le. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò wọ́n lọ bá, tí wọ́n ń ta wọ́n lára, tí wọ́n sì ń tẹ́tí.